Ilé Ọba Tó Jó, Ta ni Yóò Tún Un Kọ́?

Àwọn baba wa a máa wí pé, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Òtítọ́ ni ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n a kì í sábà rántí ohun tí ó sọ ọ́ di òtítọ́. Nígbà tí ààfin bá jó, ará ìlú ni yóò gé koríko bẹẹrẹ wá, àwọn ni yóò po amọ̀, àwọn ni yóò gbé òpó ró, àwọn obìnrin wọn yóò sì pọn omi sí i. Iná jó ilé, kò jó ìlú. Nítorí náà ni ẹwà ṣe bù sí i. Bí iná bá wá jó ààfin, tí ó sì jó gbogbo ẹni tí ìbá gé koríko, kí ni òwe náà yóò wí?

Ọ̀rọ̀ àwọn eré sinimá kan ni ó mú wa fi òwe yìí ṣáájú: àwọn eré àròsọ tí a fi owó kékeré ṣe, tí wọ́n ń sọ bí àwọn ènìyàn díẹ̀ ṣe wà láàyè lẹ́yìn tí ogun bọ́ǹbù átọ́míìkì ti pa ayé rẹ́. Láti ọdún 1951 ni a ti ń ṣe irú wọn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa sì ń wò wọ́n lónìí lórí fóònù àwọn òbí wọn. Láìpẹ́ yìí, a bi àwọn ọmọ kíláàsì kan léèrè ohun tí olúkúlùkù wọn yóò kọ́kọ́ ṣe bí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá dé. Ọ̀kan ní òun yóò wá ìbọn; èkejì ní òun yóò kó gààrí àti omi pamọ́ sínú ihò; ẹ̀kẹta ní òun yóò ti ilẹ̀kùn, òun kì yóò sì ṣí i fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ẹni tí ó ní òun yóò wá ìyá òun. Ọmọ rere ni wọ́n, a mọ ilé wọn. Sinimá ni ó kọ́ wọn ní ìdáhùn náà.

Àwọn olùkọ́ kan tí a sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ní kí a má yọ ara wa lẹ́nu, pé eré owó pọ́ọ́kú ni, àti pé abàmì tí a fi rọ́bà ṣe kò lè ṣi ọmọ lọ́nà. Àwa kò gbà. Owó kékeré kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ àwọn eré wọ̀nyí, bẹ́ẹ̀ ni owó kékeré kì yóò sì dá wọn láre. Irọ́ kan ṣoṣo ni a ń bá wọn jà sí: pé ènìyàn lè wà láàyè láìsí ènìyàn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ìdí tí olówó kékeré fi fẹ́ràn ìtàn yìí. Ẹni tí yóò ṣe eré ogun gbọ́dọ̀ wá ọmọ ogun, ọkọ̀ àti aṣọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò ṣe eré ìgbà tí gbogbo ènìyàn ti kú tán, òpópónà tí ó dá páropáro ti tó fún un. Arch Oboler ṣe eré tí ó pè ní Five ní 1951. Ilé tirẹ̀ ní ẹ̀bá Malibu ní California, tí gbajúmọ̀ ayàwòrán ilé nì, Frank Lloyd Wright, yà, ni ó lò. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní Yunifásítì Southern California ni òṣìṣẹ́ rẹ̀. Òṣèré márùn-ún ni ó sì gbé ìtàn náà. A ròyìn pé owó tí ó ná jẹ́ nǹkan bí 75,000 dọ́là. Ní 1955, Roger Corman ṣe Day the World Ended láàrin nǹkan bí ọjọ́ mẹ́wàá, owó rẹ̀ kò sì pé 100,000 dọ́là.

Nínú ọgbọ́n yìí gan-an ni ìdẹwò wà. Òkú kì í gba owó iṣẹ́. Nítorí pé olùṣe eré kò ní owó láti fi ẹgbẹ̀rún ènìyàn hàn, ó pa wọ́n kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí pé wọ́n kú kí eré tó bẹ̀rẹ̀, a kò mọ orúkọ wọn, a kò sì sunkún wọn. Bí àìlówó ṣe ń di ẹ̀kọ́ nìyẹn: ọmọ tí ń wò ó a bẹ̀rẹ̀ sí rò pé márùn-ún tí òun rí ni ayé, àti pé àwọn yòókù kò ju ẹrù tí a sọ̀ kalẹ̀ kí ìrìn àjò lè yá.

Kí a má ṣe purọ́ mọ́ Oboler. Nínú eré rẹ̀, obìnrin aboyún kan là nítorí pé ó wà nínú yàrá X-ray ní ilé ìwòsàn. Charles, ènìyàn dúdú kan tí í ṣe olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà, là pẹ̀lú akọ̀wé báńkì arúgbó kan nínú yàrá onírin tí a ń kó owó sí. Ọkùnrin kan sì wà lórí òkè Everest nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣẹlẹ̀. Ẹni orí òkè yìí kò lè fara da kí ènìyàn dúdú bá òun gbé pọ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí ẹlòmíràn láyé tí wọ́n mọ̀; níkẹyìn ó pa Charles. Ọ̀rọ̀ akọni ni èyí ní Amẹ́ríkà 1951: Oboler mọ̀ pé bọ́ǹbù kì í jó ìkórìíra. Síbẹ̀, ó fi ọkùnrin kan àti obìnrin kan tí wọ́n ń ro ilẹ̀ parí eré náà, ó sì fi ọ̀rọ̀ láti inú Ìwé Ìfihàn nípa ayé titun ṣe ìdérí rẹ̀. Ayé titun tí Jòhánù rí kò ti ọwọ́ bọ́ǹbù wá, a kò sì ṣèlérí rẹ̀ fún ẹni méjì péré.

Ti Corman burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú eré tirẹ̀, ọkùnrin kan ti kó oúnjẹ jọ sínú ilé kan ní àfonífojì, ìwọ̀nba ti ẹni mẹ́ta; àlejò wá kan ilẹ̀kùn, ìjà sì bẹ̀rẹ̀. Abàmì ẹ̀dá kan tí oró bọ́ǹbù ti yí padà ń rìn kiri lóde. Gbogbo wọn ń bẹ̀rù òjò, kí ó má baà gbé oró wá. Ṣùgbọ́n nígbà tí òjò dé, òjò mímọ́ ni: ó pa abàmì náà, ọkùnrin kan àti obìnrin kan sì bọ́ sọ́nà, wọ́n ń lọ. Níbi tí à bá ti kọ “Òpin” sójú àwòrán, “Ìbẹ̀rẹ̀” ni a kọ.

Ẹ wá gbọ́ bí òjò gidi ti rí. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1945, kò pẹ́ lẹ́yìn tí bọ́ǹbù bọ́ sí Hiroshima, òjò dúdú rọ̀ sórí apá kan ìlú náà àti àwọn abúlé ẹ̀bá rẹ̀. Ó di oṣù keje ọdún 2021 kí ilé ẹjọ́ gíga Hiroshima tó dá ènìyàn 84 láre, pé kí ìjọba ka àwọn tí òjò náà pa mọ́ àwọn tí bọ́ǹbù ṣe lọ́ṣẹ́. Ọdún 76 ni wọ́n fi dúró. Bákan náà, ní ọjọ́ 1 oṣù kẹta ọdún 1954, Amẹ́ríkà dán bọ́ǹbù kan wò ní Bikini. Eérú funfun rọ̀ sórí ọkọ̀ apẹja kan láti Jàpáánì tí ènìyàn 23 wà nínú rẹ̀. Àìsàn ṣe wọ́n, ọ̀kan nínú wọn, Kuboyama Aikichi, sì kú ní oṣù kẹsàn-án ọdún náà. Ìròyìn yìí ti kárí ayé kí a tó ya àwòrán òjò mímọ́ Corman. Nínú irú eérú bẹ́ẹ̀ ni strontium-90 wà, èyí tí ara ń ṣì mú bí ohun tí a fi ń mọ egungun, tí ó sì ń gba nǹkan bí ọdún 29 kí ìdajì rẹ̀ tó lọ. Ẹ̀kán òjò kan kì í fọ èyí.

Ní 1962, Ray Milland darí Panic in Year Zero!, òun náà sì ni olórí òṣèré. Bàbá kan ń kó ìyàwó àti ọmọ méjì lọ fún ìsinmi nígbà tí bọ́ǹbù bọ́ sí Los Angeles lẹ́yìn wọn. Ìyàwó ń ronú ìyá rẹ̀ tí ó wà nínú ìlú náà. Ọkọ ní iwájú ni àwọn ń lọ. Ó fi ipá gba ẹrù lọ́wọ́ oníṣọ́ọ̀bù, ó sì kó ìdílé rẹ̀ sínú ihò àpáta. Òótọ́ ni pé eré náà jẹ́ kí ìyàwó bá a wí. Ṣùgbọ́n bí ìtàn ṣe ń lọ, ohun gbogbo ń jáde bí ẹlẹ́rìí fún bàbá náà pé ìbọn ni ọgbọ́n. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1962 kan náà, ọ̀rọ̀ àwọn ohun ìjà Rọ́ṣíà ní Cuba fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ogun náà sílẹ̀ ní tòótọ́. Kì í ṣe ẹni tí ó sá sínú ihò ni ó yọ ayé nígbà náà. Kennedy àti Khrushchev, tí wọ́n jẹ́ ọ̀tá ara wọn, kọ lẹ́tà sí ara wọn títí olúkúlùkù fi gbà láti fà sẹ́yìn.

Ẹnìkan yóò wí pé, “Ṣé ẹ fẹ́ mú ìrètí kúrò lọ́kàn àwọn ọmọ ni?” Rárá o. Ìrètí yàtọ̀ sí irọ́. Ní 1983, Lynne Littman fi owó díẹ̀ ṣe Testament. Kò fi bọ́ǹbù kankan hàn, àfi ìmọ́lẹ̀ kan tí ó kọ mànà lójú fèrèsé. Bàbá ilé lọ sí San Francisco, kò padà mọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ìlú kékeré náà ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré kan. Wọ́n ṣe eré náà síbẹ̀, àwọn òbí tí ikú ti ń wọ̀ lára jókòó, wọ́n ń wo ọmọ wọn. Ìyá ilé fi aṣọ ibùsùn rán aṣọ òkú ọmọbìnrin rẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń sin àbíkẹ́yìn, ó ń sáré wá ohun ìṣeré tí ọmọ náà fẹ́ràn, kí ó má baà lọ láìsí i. Ó sì gba ọmọ aládùúgbò tí kò ní òbí mọ́ sílé. Ìrètí nìyẹn: pé títí ẹ̀mí yóò fi bọ́, ènìyàn kò ní dẹ́kun láti jẹ́ ènìyàn.

Bákan náà ni Peter Watkins ṣe The War Game fún BBC ní 1965, tí ó lo àwọn ará Kent tí kì í ṣe òṣèré. Eré náà kò tó wákàtí kan. BBC kò jẹ́ kí a fi í hàn lórí tẹlifíṣọ̀n, wọ́n ní ẹ̀rù rẹ̀ pọ̀ jù. Ó gba ẹ̀bùn Oscar, síbẹ̀ ó di 1985 kí a tó gbé e jáde níbẹ̀. Ní 1984, Barry Hines kọ Threads, Mick Jackson sì darí rẹ̀ ní ìlú Sheffield. Eré yìí kò dá ìtàn dúró ní ọ̀sẹ̀ kìíní. Ó tẹ̀lé e kọjá ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wo ibi kan nínú rẹ̀: àwọn ọmọ tí a bí lẹ́yìn ogun jókòó nínú ahoro, wọ́n tẹjú mọ́ fídíò àtijọ́ kan tí ó ti gbó, tí a fi ń kọ́ ọmọdé ní ọ̀rọ̀. Èdè wọn ti já sí wẹ́wẹ́. Ọmọbìnrin tí í ṣe Jane kò lè sọ gbólóhùn kan délẹ̀. Owó kékeré ni a fi ya èyí náà, kò sì purọ́.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọ̀ràn òyìnbó ni, kò kàn wá, kí ó rántí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kì yóò jẹ́ kí a sùn lóru. Ní ọjọ́ 13 oṣù kejì ọdún 1960, Faransé yin bọ́ǹbù átọ́míìkì àkọ́kọ́ rẹ̀ ní Reggane, ní aṣálẹ̀ Sahara tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ wa ti ń fẹ́ wá. Nígbà tí ó yin ẹ̀kẹta ní ìparí ọdún náà, Nàìjíríà, tí ó tó nǹkan bí oṣù mẹ́ta tí ó gba òmìnira, bá Faransé já okùn ọ̀rẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 1961. Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 2020, àyájọ́ ọjọ́ Hiroshima, orílẹ̀-èdè wa fọwọ́ sí i délẹ̀ pé òun wà nínú àdéhùn tí ó ka bọ́ǹbù náà léèwọ̀. Síbẹ̀, nǹkan bí 12,000 rẹ̀ ni ó wà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè mẹ́sàn-án.

Nítorí náà, a kò ní kí ẹ fi ọwọ́ bo ojú ọmọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wò ó, kí ẹ sì jókòó tì wọ́n. Bí eré bá parí, ẹ bi wọ́n pé: Mélòó nínú àwọn tí ó kú ni a dárúkọ? Ta ni ó sin wọ́n? Ta ni ó ṣí ilẹ̀kùn? Eré tí kò ní ìdáhùn sí ọ̀kankan nínú wọn, olówó ńlá ìbáà ṣe é, ìtànjẹ ni. Ọmọ tí ó sì ní òun yóò ti ilẹ̀kùn, kí a má ṣe nà án. Kí a bi í ní ohùn pẹ̀lẹ́ pé, bí ó bá jẹ́ ìyá rẹ ni ó ń kan ilẹ̀kùn náà ńkọ́? A ti bi ọmọ tiwa léèrè. Ó dákẹ́ pẹ́, lẹ́yìn náà ó ní òun yóò ṣí i. Ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, nítorí ẹni tí yóò ṣí ilẹ̀kùn ni ó lè bá wa gé koríko bẹẹrẹ, òun náà ni yóò sì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ dìde láti kọ iná ọ̀hún kí ó tó ran ilé.