Orin Dùn, Géèmù Kò Dùn

 

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ó kọjá, mo wà ní ilé àwọn òbí mi. Màmá mi, tí ó jẹ́ aránṣọ, ń gé aṣọ oníbàárà kan lórí tábìlì. Èmi ń ṣa ẹ̀wà. Àbúrò mi ọkùnrin sì gbé fóònù rẹ̀ sí ojú fèrèsé, orin ń ti inú rẹ̀ jáde. Ohùn obìnrin ni, ó rọra ń lọ sókè sódò, àwọn ohùn mìíràn sì ń gbè é lẹ́yìn. Kò pẹ́ tí màmá mi fi gbé àlùmọ́gàjí ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ìjọ wo ló ni orin yìí? Èdè wo sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́?"

Àbúrò mi rẹ́rìn-ín. "Màmá, kì í ṣe orin ìjọ. Orin inú géèmù ni. Kò sì sí ẹni tó ń sọ èdè náà láyé."

Màmá mi yíjú sí mi, bí ẹni pé kí n bá òun wádìí bóyá ọmọ náà ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní òótọ́ ni ó sọ.

NieR ni orúkọ géèmù náà. Ilé-iṣẹ́ Cavia ní ilẹ̀ Japan ni ó ṣe é, Square Enix sì gbé e jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2010. Keiichi Okabe ni ó ṣáájú àwọn tí ó ṣẹ̀dá orin rẹ̀. Emi Evans, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ń gbé ní Japan, ni ó kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn orin náà, òun náà ni ó sì hun ọ̀rọ̀ inú wọn. Nítorí pé ọjọ́ iwájú tí ó jìnnà réré ni ìtàn géèmù náà ti ṣẹlẹ̀, obìnrin yìí gbìyànjú láti ro bí èdè Faransé, èdè Potogí, èdè Japan àti àwọn mìíràn yóò ti máa dún lẹ́nu nígbà náà. Ìdí nìyí tí etí fi máa ń rò pé òun fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ ọ, tí kò sì ní rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo dì mú.

Orin náà rí ìyìn lọ́tùn-ún lósì. Géèmù fúnra rẹ̀ kò rí tó bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ alárìíwísí ní àwòrán rẹ̀ ti di ti àná, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí a ń rán akọni inú rẹ̀ ti pọ̀ jù: lọ pa àgùntàn wá, lọ wá irin wá, lọ jẹ́ iṣẹ́ yìí ní ìlú kejì kí o sì padà wá gba owó. Ní oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ó jáde, ilé-iṣẹ́ Cavia kógbá wọlé.

Síbẹ̀, obìnrin kan wà ní abúlé inú géèmù náà tí ó máa ń jókòó sí ẹ̀bá orísun omi, tí ó ń ta ohun èlò olókùn, tí ó sì ń kọrin. Bí a bá ṣe ń sún mọ́ ọn ni ohùn rẹ̀ ń ṣe kedere sí i. Àbúrò mi ní ìgbà kan wà tí òun máa ń tan ẹ̀rọ nítorí àtidúró níbẹ̀ nìkan. Òun kò ní jẹ́ iṣẹ́ kankan fún ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà nílẹ̀ tí ó mú un gbọ́ orin náà lọ́jọ́ náà. Dùùrù ni ọmọ yìí ń tẹ̀ láti kékeré, ó sì ti kọ́ bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣẹ̀dá orin. Àwọn ọ̀dọ́ kan tí ń ṣe géèmù orí fóònù ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó ṣe orin fún àwọn. Ó ti rí géèmù náà. Ó ní akọni inú rẹ̀ ń rìn bí ẹni tí wọ́n so lẹ́sẹ̀, ìtàn rẹ̀ kò sì ní orí, kò ní ìdí.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ kí n bi yín. Orin kan wà tí mo ti ń tọ́jú láti ọdún méjì. Bí mo bá fi í sínú nǹkan yìí, tí géèmù náà bá kú, orin mi bá a kú nìyẹn. Ṣé kí n kúkú fún wọn ní èyí tí mo lè ṣe ní alẹ́ kan?"

N kò rí èsì fún un. Owó tí wọ́n fẹ́ san kò tó nǹkan. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ọmọ ìyá mi pé kí ó kó ohun tí ó fẹ́ràn jù sínú àpò tí ó ya?

Nígbà tí mo délé, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn tí irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí. Wọn kò ṣọ̀wọ́n. Ní ọdún 1990, ilé-iṣẹ́ Software Creations ní Manchester, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe géèmù Silver Surfer fún ẹ̀rọ NES ti Nintendo. Nínú ìwé àwòrán Marvel, alágbára ni akọni yìí, tí ó ń gun pákó rẹ̀ fò lójú ọ̀run. Nínú géèmù náà, bí ó bá fi ara kan ògiri péré, ó kú nìyẹn. Ọ̀pọ̀ ni kò kọjá ìpele àkọ́kọ́ tí wọ́n fi jù ú sílẹ̀.

Tim Follin àti Geoff, ọmọ ìyá rẹ̀, ni wọ́n ṣe orin rẹ̀. Ohùn márùn-ún péré ni ẹ̀rọ náà lè gbé jáde lẹ́ẹ̀kan náà, ọ̀kan nínú wọn kò sì ju ariwo tí a fi ń ṣe ìlù lọ. Àwọn méjèèjì mú ohùn kan, wọ́n ń yí i padà kíákíá láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, tó bẹ́ẹ̀ tí etí fi ń rò pé ohùn mẹ́ta ni ó ń dún pọ̀. Ohun tí ó jáde dàbí ẹgbẹ́ olórin tí ó kún orí ìtàgé. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún báyìí, àwọn olórin ṣì ń fi gìtá ta á lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Sonic the Hedgehog tí Sega gbé jáde ní 2006, nígbà tí akọni náà pé ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Wọ́n kánjú gbé e jáde kí Kérésìmesì má baà kọjá. Àṣìṣe kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ṣùgbọ́n àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò jẹ́ kí orin Tomoya Ohtani àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ bá a lọ. Ohtani yìí kan náà ni ó ṣáájú iṣẹ́ orin Sonic Frontiers ní 2022.

Kí ni ó ń fa èyí? Géèmù dàbí ilé tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kọ́ pọ̀. Bí birikìlà bá kánjú, òrùlé kò ní jókòó dáadáa, bí ó ti wù kí káfíńtà mọṣẹ́ tó. Olórin kò sí nínú èyí. Ènìyàn kan tàbí méjì lè jókòó sí yàrá kan kí wọ́n parí orin wọn láìjẹ́ pé àṣìṣe ẹlòmíràn kàn wọ́n.

Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín jẹ o. Àwọn orin rere tí ó bá géèmù wọn kú yóò pọ̀ ju àwọn tí ó là lọ. A kò lè dárúkọ wọn nítorí pé a kò gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n mo ṣàkíyèsí ohun kan: orin tí ó là ni èyí tí ó rí ọ̀nà jáde kúrò nínú géèmù. Wọ́n ta orin NieR lọ́tọ̀ lórí àwo, ẹni tí kò ní ẹ̀rọ géèmù pàápàá sì lè rà á. Ní 2017, géèmù NieR: Automata jáde láti ọ̀dọ̀ PlatinumGames. Okabe ni wọ́n tún gbé iṣẹ́ fún, orin obìnrin ẹ̀bá orísun omi sì tún dún nínú rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn orin tí ó dára jù lọ níbi ayẹyẹ The Game Awards ọdún náà. Ní 2021, wọ́n tún géèmù àkọ́kọ́ ṣe.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, mo pe àbúrò mi. Mo ní kí ó fi orin gidi náà sí i, ṣùgbọ́n kí ó kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé òun ni ó ni orin náà, àti pé òun lè tà á lọ́tọ̀ nígbàkígbà.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ti Japan lẹ ń sọ yẹn."

Màmá mi gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. N kò mọ̀ pé wọ́n ti ń gbọ́ wa.

"Mo ti rán aṣọ fún ìyàwó kan tí ìgbéyàwó rẹ̀ kò pé ọdún méjì tó fi tú ká. Obìnrin náà ṣì ń wọ aṣọ yẹn lọ òde. Ká ní mo tilẹ̀ mọ̀ pé yóò tú ká, ṣé kí n wá fi abẹ́rẹ́ ṣe ìránkúràn ni? Àwọn tó ń rí aṣọ náà kì í béèrè ọkọ. Ẹni tó rán an ni wọ́n ń béèrè."

Wọ́n dá fóònù padà fún un, mo sì gbọ́ tí ẹ̀rọ ìránṣọ bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Títí di àsìkò tí mo ń kọ èyí, àwọn olùṣe géèmù náà kò tíì fèsì lórí ìwé àdéhùn. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ àná, àbúrò mi fi orin kan ránṣẹ́ sí mi. Èyí tí ó ti ń tọ́jú láti ọdún méjì ni. Ó ti parí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ kí n tó sùn.