Ìgò Olówó Pọ́ọ́kú fún Ìwádìí Ewé Ojú Omi

Àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n fi Ìpínlẹ̀ Borno ṣe ibùgbé kò ṣàjèjì sí orúkọ Adágún Ṣáàdì. Ní apá ti orílẹ̀-èdè Ṣáàdì, àwọn obìnrin Kanembu a máa gbọ́n ohun kan tí ó ní àwọ̀ ewé kúrò lójú omi àwọn ọ̀gọ̀dọ̀ ẹ̀bá adágún náà, wọn a sá a gbẹ lórí iyanrìn, wọn a sì fi í se ọbẹ̀. Dihé ni wọ́n ń pè é. Spirulina ni ayé mọ̀ ọ́n sí, oúnjẹ tí ó kún fún purotéènì ni.

Bí irú ewé omi wínníwínní bẹ́ẹ̀ ti ń dàgbà jẹ́ iṣẹ́ tí ó tọ́ sí àwọn yunifásítì wa. Ṣùgbọ́n ìgò tí a gbé sí ojú fèrèsé kò tó fún un. Bí ìkùukùu bá ṣú, ìmọ́lẹ̀ a dín kù. Bí ọ̀sán bá pọ́n, omi a gbóná. Iṣẹ́ ọjọ́ Ajé kò ní bá ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun mu. Èyí tí ó burú jù ni pé bí ewé náà ti ń pọ̀ sí i ni wọ́n ń ṣíji bo ara wọn, tí èyí tí ó wà láàárín kò fi ní rí ìmọ́lẹ̀ tó mọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe fi kọ̀ǹpútà ṣọ́ ìgò. Kọ̀ǹpútà ni ń tan iná tí ó sì ń dín in kù bí ẹni pé oòrùn ń yọ, ó sì ń wọ̀. Òun náà ni ń wọn bí omi náà ti ki tó. Bí ó bá ki jù, a fa díẹ̀ jáde, a sì fi omi tuntun dípò.

Owó ni ó ti ń dí ọ̀nà. Ṣùgbọ́n ní 2020, àwọn onímọ̀ ní University of Technology Sydney, ní Ọsirélíà, gbé ìlànà Phenobottle jáde fún ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ kàn án. Ẹni tí ó bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan ẹ̀rọ ni yóò mọ̀ ọ́n tún ṣe, kò ní máa dúró de ẹ̀yà ara rẹ̀ láti òkè òkun.

Àwọn kan yóò ní iná mànàmáná kò dúró. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n iná kéékèèké tí ó wà lára rẹ̀ kì í jẹ agbára púpọ̀. Bátìrì ọkọ̀ lè gbé e kọjá òru. Mímú omi tutù nígbà ooru ni ó le. Níbẹ̀ gan-an ni dihé ti rọrùn, nítorí omi tí ó gbóná tó ìwọ̀n 35 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni ó fẹ́ràn. Kí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ ewéko àti ẹ̀ka ẹ̀rọ ní yunifásítì kan jọ kan ìgò ẹyọ kan péré, kí wọ́n sì fi dihé bẹ̀rẹ̀.