Ẹni Tí A Fi Ṣọ́ Ọgbà Kì Í Ṣe Ẹni Tí Ó Ni Ín

Nínú ìwé ìrántí ọdọọdún báyìí, àṣà ni pé kí a dúpẹ́, kí a tẹ fọ́tò àwọn olóyè wa, kí a sì gbàdúrà. Gbogbo rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń ká wa lára, a kò sì lè gbé e mì mọ́. Ọ̀rọ̀ náà ni ti àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba tí ó wà nínú ìlú yìí, àti ti irú ènìyàn tí ó yẹ kí ó máa darí wọn.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá kan ní Kubwa tàbí Lugbe pé kí ni páàkì. Yóò dá yín lóhùn pé ibi tí a ti ń wọ mọ́tò ni. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ọ̀dọ́langba kan ní Wuse, yóò ní ibi tí wọ́n ti ń yan ẹja ni, tí wọ́n ti ń mu bíà, tí orin ń dún gbọ̀ngàn-gbọ̀ngàn. Àwọn méjèèjì kò parọ́, ohun tí wọ́n rí ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tí ó wà lọ́kàn àwọn tí ó ya àwòrán ìlú yìí nìyẹn.

Ní oṣù Kejì ọdún 1976 ni ìjọba Ọ̀gágun Murtala Mohammed ṣe òfin tí ó dá agbègbè olú-ìlú yìí sílẹ̀. Ní 1979, àwòrán ètò ìlú náà jáde. Nínú àwòrán yẹn, ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún igi, koríko àti eré ìdárayá fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìlú. Ẹ gbọ́ o, ìdá kan nínú mẹ́ta! Nígbà tí Ọ̀gágun Ibrahim Babangida kó ìjọba kúrò ní Èkó wá síbí ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991, ìlérí tí a bá wá ni pé ìlú yìí kò ní fún ni lọ́rùn bí Èkó. Àwọn Gbagyi àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí wọ́n wà lórí ilẹ̀ yìí ṣáájú wa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n ṣí nípò kí ìlérí yìí lè ṣẹ. Orúkọ gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni a fi gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Bí a bá wá fi ilẹ̀ ọ̀hún jin àwọn ènìyàn díẹ̀, kí ni a fẹ́ wí fún àwọn tí a ṣí nípò?

Ẹ jẹ́ kí a sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan àwa tí a ti ilé wá. Ní Ìbàdàn, ní Òṣogbo, ní Ìjẹ̀bú, ní Àkúrẹ́, ọmọ kì í wá ibi tí yóò ti ṣeré. Ojúde baba rẹ̀ wà níbẹ̀. Bí òṣùpá bá yọ, àwọn ọmọ a ṣe bojúbojú, àwọn àgbà a sì ta ayò lábẹ́ igi. Ojúde ni ilé ẹ̀kọ́ wa àkọ́kọ́. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń gbọ́ àlọ́, ibẹ̀ ni ó ti ń mọ ẹni tí ó jù ú lọ, ibẹ̀ náà ni ó ti ń kọ́ bí a ṣe ń kí ènìyàn. Nígbà tí iṣẹ́ ọba àti òwò kó wa wá sí Abuja, a kò lè di ojúde mọ́ ẹrù. Inú fúláàtì ni púpọ̀ nínú wa ń gbé, ògiri yí wa ká, ilẹ̀ tí ó ṣẹ́kù ni a fi ń gbé mọ́tò sí. Ọmọ wa kò ní ojúde mìíràn ju ọgbà ìgbafẹ́ ìjọba lọ. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní kí ọmọ ọdún 5 sí 17 máa fi bí 60 ìṣẹ́jú lóòjọ́ sáré, fò, kí èémí rẹ̀ sì yára. Níbo ni yóò ti sá eré náà? Ṣé nínú kọ́rídọ̀ ni?

Nígbà tí Mallam Nasir El-Rufai jẹ́ mínísítà Abuja láti 2003 sí 2007, wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọgbà sí abẹ́ àwọn aládàáni kí wọ́n tún wọn ṣe, kí wọ́n sì máa tọ́jú wọn. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ètò yẹn. Àwọn ibi kan tí ó jẹ́ igbó tẹ́lẹ̀ di ibi tí ojú lè wò. Ṣùgbọ́n ẹni tí a fún ní ẹran sìn kì í pa á jẹ. Bí alámòójútó bá fi búlọ́ọ̀kù kọ́lé sórí koríko, tí ó gbé géètì sí i, tí ó ń gba owó lẹ́nu ọ̀nà lọ́wọ́ ìyá ọlọ́mọ mẹ́rin, tí tábìlì bíà sì gba ibi tí ó yẹ kí jangirọ́fà ọmọdé wà, ọgbà ti kú nìyẹn. Ilé ọtí ni ó kù, àní bí igi méjì bá ṣì dúró níbẹ̀.

A mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Wọn yóò ní ìjọba kò lówó, aládàáni ni ó ń san owó omi, owó ọdẹ àti owó agbálẹ̀. Òótọ́ ni, èrè sì tọ́ sí i. Kí ó ní igun tirẹ̀ tí yóò ti ta oúnjẹ, kí ọmọdé àti arúgbó sì máa wọlé lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn mìíràn yóò ní bí a bá ṣí ọgbà sílẹ̀, àwọn ọmọọ̀ta ni yóò gbà á. Àwa ní ibi tí ènìyàn kò sí ni olè ń sá pamọ́ sí. Ilẹ̀ ìjọba tí ó di igbó, tí iná kò sí, ni ó ń ba gbogbo wa lẹ́rù. Ibi tí ìyá, ọmọ àti bàbá àgbà wà láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ojú pọ̀ níbẹ̀. Kí ilẹ̀ sì ṣú, kí a ti géètì, kò burú.

Ọ̀rọ̀ kẹta ni ó ń dùn wá jù, nítorí pé ẹnu àwọn ènìyàn wa ni a ti máa ń gbọ́ ọ: “Kí ló kàn wá níbẹ̀? Àlejò ni wá níbí, ilé ni àbọ̀ sinmi oko.” Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yé sọ bẹ́ẹ̀. Ìwé òfin ọdún 1999, ní abala 297, sọ pé ìjọba àpapọ̀ ni ó ni gbogbo ilẹ̀ agbègbè yìí. Ìjọba àpapọ̀ kì í ṣe ènìyàn kan, gbogbo wa ni. Ọmọ tí a bí sí Gwagwalada, tí ó lọ sílé ẹ̀kọ́ ní Karu, kò ní ibòmíràn tí yóò ti ṣe èwe. Bí a bá padà sílé lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì, ọmọ yẹn kò ní lè padà sí ọmọdé.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2003, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì wá sí ìlú yìí, ó sì ṣí Millennium Park ní Maitama. Ó yẹ kí a ronú sí ibi tí ó ti wá. Hyde Park tí ó wà ní London, igbó ọdẹ ọba ni ó jẹ́ ní ayé Henry Kẹjọ. Ní 1637, ọba Charles Kìíní ṣí i sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Ní 1840, àwọn òṣìṣẹ́ àti aláìní ìlà-oòrùn London fọwọ́ sí ìwé ẹ̀bẹ̀ sí Ọbabìnrin Victoria, wọ́n lé ní 30,000, pé àwọn náà fẹ́ ibi tí àwọn yóò ti mí. Nígbà tí ó fi di 1845, Victoria Park ti ṣí fún wọn. Lónìí, àwọn ará wa tí ń gbé Peckham ń kó ọmọ lọ sí Burgess Park láìsan kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n gba ilẹ̀ ọdẹ lọ́wọ́ ọba fún tálákà. Kí a má ṣe gba ilẹ̀ tálákà fún ọlọ́jà níhìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe òyìnbó nìkan ni ó lè ṣe é. Ní Èkó, ọgbà ẹ̀wọ̀n àtijọ́ tí ó wà ní Broad Street ni wọ́n sọ di Freedom Park ní 2010. Bí ẹ̀wọ̀n bá lè di ọgbà ìgbafẹ́, kí ló dé tí ọgbà ìgbafẹ́ yóò fi di ọgbà ẹ̀wọ̀n?

Irú ènìyàn wo wá ni ó yẹ kí ó máa darí iṣẹ́ yìí? Ẹ̀ka kan wà fún un, Parks and Recreation, lábẹ́ àjọ tí ń mójú tó ìgboro Abuja. Àwa tí a ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ọba mọ ohun tí wọ́n fi ń wọn ọ̀gá: iye owó tí ó pa wọlé. Ìwọ̀n yẹn dára fún ẹni tí ń gba owó orí. Kò dára fún olùtọ́jú ọgbà. Iye ọmọ tí ó wọlé, tí ó ṣeré, tí ó sì padà sílé láìfarapa ni kí a fi wọn ọ̀gá ọgbà. Kí ó jẹ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà, tí ó mọ igi tí ó lè fara da ẹ̀ẹ̀rùn láti oṣù Kọkànlá dé oṣù Kẹta, tí ó sì mọ ibi tí omi wọn yóò ti wá. Kí ó mọ ààlà ọgbà kọ̀ọ̀kan, kí ó sì gbé orúkọ gbogbo wọn síta, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó ń mójú tó wọn àti ọjọ́ tí àdéhùn rẹ̀ yóò parí. Kí ó máa yẹ jangirọ́fà wò kí irin rẹ̀ tó já. Kí ilé ìyàgbẹ́ wà, kí ó sì mọ́. Kí ó ṣètò eré bọ́ọ̀lù fún ọmọkùnrin àti ọmọbìnrin, àti ìrìn òwúrọ̀ fún àwọn àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń bá jà. Kí ó sì rántí pé Abuja kò parí sí Maitama àti Asokoro. Láti 2005 tí ìjọba ti ta ilé rẹ̀, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ tí kò lówó láti rà ni ó ti kó lọ sí ẹ̀yìn ìlú. Ibẹ̀ ni ọmọ pọ̀ sí, ibẹ̀ gan-an ni kò sí ọgbà.

Ẹgbẹ́ wa náà ní iṣẹ́ láti ṣe, nítorí pé ẹni tí kò béèrè, a kì í fún un. Kí ẹ̀ka wa kọ̀ọ̀kan ka ilẹ̀ ọgbà tí ó wà ládùúgbò rẹ̀, kí ó kọ ipò tí ó wà sílẹ̀, kí a sì fi gbogbo rẹ̀ ṣe ìwé kan ṣoṣo sí mínísítà àti sí àwọn alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Kí a pe àwọn Gbagyi, Hausa, Igbo, Tiv àti gbogbo aládùúgbò wa kí wọ́n bá wa fọwọ́ sí i, ọmọ tiwọn náà ń wá ibi ìṣeré. Bí òjò bá sì dé ní oṣù Kẹrin, kí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gbin igi ọ̀gánwó tàbí mángòrò sí ilẹ̀ ìjọba tí wọ́n bá gbà wá láàyè láti gbìn ín sí, kí á sì máa bomi rin ín.

Owó tí a pa nídìí ilẹ̀ yóò tán. Ọmọ tí kò rí ibi ṣeré yóò dàgbà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin aláṣẹ, ẹ ṣí ọgbà fún àwọn tí ó ni ín. Ẹ̀yin ènìyàn wa, ẹ má dákẹ́ o. Àṣèyí ṣàmọ́dún.