Ta Ni Onídùúró fún Adájọ́?

Nínú òwò Yorùbá, onídùúró ni ẹni tí olówó máa ń dì mú bí ajigbèsè bá sá lọ. Nítorí náà, kò sí olówó tó mọ ohun tó ń ṣe tí yóò gba ajigbèsè ní onídùúró ara rẹ̀. Ohun tí ọlọ́jà kò jẹ́ gbà yìí ni ìwé òfin ìpìlẹ̀ Côte d'Ivoire fi lélẹ̀ láàrin ẹ̀ka aláṣẹ àti ẹ̀ka ìdájọ́. Abala 104 nínú òfin ọdún 2000 fi Ààrẹ ṣe garant, èyíinì ni onídùúró, fún òmìnira àwọn adájọ́. Ó sì tún fi Ààrẹ kan náà ṣe alága ìgbìmọ̀ gíga tó ń bójú tó wọn. Òfin ọdún 2016 gba ipò alága lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó fi yíyan alága sí i lọ́wọ́, ọ̀rọ̀ garant kò sì kúrò níbẹ̀. Ẹni tí òmìnira adájọ́ lè dí lọ́wọ́ jù lọ ni a ní kí ó máa ṣọ́ ọ.

Àwọn kan yóò ní ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni, pé inú òfin Faransé ti ọdún 1958 ni a ti yá a, àti pé ilẹ̀ Faransé kò tìtorí rẹ̀ dàrú. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ti gbàgbé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Abidjan.

Ní ọjọ́ 28 oṣù Kọkànlá ọdún 2010, àwọn ará ìlú dìbò láti yan ọ̀kan nínú Laurent Gbagbo, tó wà lórí oyè, àti Alassane Ouattara. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá, Youssouf Bakayoko, alága àjọ elétò ìdìbò, kéde pé Ouattara ló ní ìdá 54.1 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní ọjọ́ kejì, Ìgbìmọ̀ Òfin Ìpìlẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wà lẹ́nu rẹ̀, wọ́gi lé ìbò agbègbè méje níbi tí Ouattara ti rẹ́sẹ̀ walẹ̀. Gbagbo bẹ́ẹ̀ di ẹni tó ní ìdá 51.45. Paul Yao N'Dré ni olórí Ìgbìmọ̀ náà, ọ̀rẹ́ Gbagbo, tí Gbagbo fúnra rẹ̀ yàn sípò ní ọdún 2009. Lóòótọ́, òfin ìdìbò gbà kí Ìgbìmọ̀ fagi lé ìdìbò tí màgòmágó bá bà jẹ́, ṣùgbọ́n ohun tó ní kí ó tẹ̀lé e ni pé kí a tún ìbò dì láàrin ọjọ́ 45. Kò ní kí adájọ́ yọ èyí tí kò wù ú, kí ó sì fi èyí tó kù yan Ààrẹ. Ìjà tó bẹ́ sílẹ̀ lẹ́yìn náà pa tó 3,000 ènìyàn.

Wọ́n mú Gbagbo ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹrin ọdún 2011. Ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún, Ìgbìmọ̀ kan náà, lábẹ́ Yao N'Dré kan náà, kéde Ouattara ní Ààrẹ. Ní ọjọ́ kejì, ó búra fún un. Ìpinnu Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ni wọ́n tọ́ka sí. Ṣùgbọ́n ìpinnu yẹn ti jáde láti oṣù Kẹta, nígbà tí Gbagbo ṣì wà láàfin, Ìgbìmọ̀ kò sì rí i nígbà náà. Kò sí ìbò tuntun kankan tí a kà. Ohun tó yí padà ni ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnu tí ìgbín fi bú òrìṣà náà ló fi ń wọ́lẹ̀ lọ bá a.

Ẹni tó bá ka èyí sí ẹ̀bi Yao N'Dré nìkan, tàbí ti ẹgbẹ́ Gbagbo nìkan, kò tíì rí ìdí ọ̀rọ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2000, nígbà tí Ọ̀gágun Robert Guéï ń ṣèjọba, tí òun náà sì ń díje, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ lábẹ́ Tia Koné gba olùdíje 5 péré nínú 19. Kò gba Ouattara, kò sì gba Henri Konan Bédié. Ìyà tí Ouattara jẹ nígbà náà kò kọ́ ìjọba rẹ̀ lọ́gbọ́n. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, Ilé Ẹjọ́ Áfíríkà fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn, tó wà ní Arusha, ní kí ìjọba dá àṣẹ tí wọ́n fi fẹ́ mú Guillaume Soro dúró. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì tí ìjọba fi gba àyè tó fi sílẹ̀ fún ará ìlú láti gbé ẹjọ́ lọ síbẹ̀ padà. Ní ọdún 2025, Ìgbìmọ̀ Òfin Ìpìlẹ̀ gba olùdíje 5 nínú 60. Gbagbo àti Tidjane Thiam kò sí nínú wọn. Ouattara sì wọlé lẹ́ẹ̀kẹrin. Ó ṣeé ṣe kí ìdájọ́ yẹn bá òfin mu, ṣùgbọ́n ta ni yóò gbà á gbọ́? Àdánù tó tóbi jù nìyí: bí adájọ́ tilẹ̀ dá ẹjọ́ tó tọ́, ojú ìránṣẹ́ ni a ó máa fi wò ó.

Ìtàn Yorùbá mọ ọ̀nà mìíràn. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì lè kọ Aláàfin, nítorí pé inú ìdílé wọn ni oyè wọn ti wá. Kì í ṣe Aláàfin ló fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ìgbà tí Baṣọ̀run Gáà gba agbára ọba mọ́ ti ara rẹ̀ ni nǹkan dàrú. Kì í ṣe ìwà rere olóyè nìkan ló ń dá agbára dúró, bí kò ṣe ibi tí oyè ti wá.

Nítorí náà, kí àwọn adájọ́ Côte d'Ivoire fúnra wọn dìbò yan alága ìgbìmọ̀ gíga wọn. Kí ẹgbẹ́ agbẹjọ́rò àti aṣòfin ẹgbẹ́ alátakò ní ọwọ́ nínú yíyan Ìgbìmọ̀ Òfin Ìpìlẹ̀. Kí a sì yọ garant kúrò lórí Ààrẹ.

Iṣẹ́ wà fún olùkọ́ èdè pẹ̀lú. Faransé ni a fi kọ òfin yìí, Faransé ni a sì fi ń dá ẹjọ́. Ṣùgbọ́n èdè Baoulé, Dioula, Bété, àti Yorùbá tí àwọn ọmọ Ẹ̀jìgbò gbé dé Abidjan, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń ronú lórí ohun tó tọ́. Bí a bá túmọ̀ garant sí "aláàbò", a ti bá òfin bo àṣírí rẹ̀. Kí a túmọ̀ rẹ̀ sí onídùúró, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè dìde ní kíláàsì, kí ó sì béèrè pé: bí onídùúró yìí bá sá, ta ni a ó dì mú?