Ẹ La Ọ̀nà Kí Ẹ Tó Ta Púlọ́ọ̀tì

Láti ìgbà tí Fásitì Adékúnlé Ajásin ti dé sí Àkùngbá ní 1999 ni ilé ti ń jẹ oko run ní agbègbè Ìkàrẹ́, Ṣúpárè àti Ọ̀kà ní ilẹ̀ Àkókó. N kò bá ilé kíkọ́ jà. Bí a ṣe ń ta ilẹ̀ ni mo lòdì sí. Ẹbí kan á gé ilẹ̀ rẹ̀ sí púlọ́ọ̀tì, á fi ojú ọ̀nà tín-ín-rín kan sílẹ̀ tó wọlé tí kò já síbì kankan. Ẹbí tó bá a pààlà á ṣe bákan náà. Ẹni tó fẹ́ dé ilé tó wà lẹ́yìn ilé rẹ̀ á wá jáde sí títì ńlá kó tó tún wọlé padà. Nípa bẹ́ẹ̀, títì kan ṣoṣo ni akẹ́kọ̀ọ́, ọlọ́kadà, alátẹ àti tírélà ń dù. Ní oṣù kìíní 2021, ọkọ̀ akẹ́rù kan bọ́ lọ́wọ́ awakọ̀ rẹ̀ ní Àkùngbá, ó sì pa ènìyàn létí títì náà. Ohun tó gbà á lọ́wọ́ awakọ̀ lọ́tọ̀. Ohun tó kó gbogbo ìgbésí ayé ìlú sẹ́nu títì kan náà lọ́tọ̀, èyí sì wà ní ìkáwọ́ wa. Ìwádìí tí Barrington-Leigh àti Millard-Ball gbé jáde ní 2020 fi hàn pé àrùn ọ̀nà tí kò já ń ran káàkiri àgbáyé, àti pé bí a bá ti la títì báyìí, ó ṣòro láti tún un ṣe.

Àwọn kan á ní òkè àti àpáta ni kò jẹ́ kí ọ̀nà já. Àpáta gan-an ni ẹ̀rí mi: àyè tó tẹ́jú láàárín wọn kò pọ̀, bí ilé bá sì dí ọ̀kan, ọ̀nà kò rí ibòmíràn gbà. Ti olè tó lè gba ọ̀nà tó já wọlé ńkọ́? Géètì tí ọdẹ ń tì lóru tó fún olè. Aboyún tó ń rọbí ńkọ́, bí ẹnu ọ̀nà kan ṣoṣo bá dí? Èyí tó le jù ni ti ẹbí tó ní ilẹ̀ bàbá òun ni, kí ló dé tí òun yóò fi púlọ́ọ̀tì méjì sílẹ̀ fún ọ̀nà lọ́fẹ̀ẹ́? Ẹ̀dùn gidi ni. Ṣùgbọ́n púlọ́ọ̀tì tó wà lójú ọ̀nà tó já ni oníṣòwò ń wá, owó rẹ̀ á sì ju ti inú kọ̀rọ̀ lọ. Bí ilé bá ti dúró, Òfin Lílo Ilẹ̀ ti 1978 ní kí ìjọba san owó ilé tó bá gbà fún ọ̀nà. Ìjọba tí kò bá rówó san kò ní la ọ̀nà náà. Lónìí, owó ẹni tó ń wọn ilẹ̀ àti ti òpó ààlà nìkan ló ń ná wa.

Nítorí náà, kí ìjọba ìbílẹ̀, ọba àti àwọn olórí ẹbí Ṣúpárè má ṣe fọwọ́ sí títa ilẹ̀ kankan tí ọ̀nà rẹ̀ kò ní ẹnu méjì, kí wọ́n sì fagi lé títà èyíkéyìí tó bá tàpá sí ìlànà yìí. Níbi tí ilé ti kún, kí a wó ìwọ̀n mítà méjì lára odi tó dí ọ̀nà, kí ẹlẹ́sẹ̀ àti ọ̀kadà lè kọjá.