Ọ̀nà Kan Ò Wọ Ọjà

Ẹ bi àgbàlagbà kan ní Ìkẹ́nnẹ́ léèrè ọ̀rọ̀ Ládòkè Akíntọ́lá, kí ẹ tún lọ bi ojúgbà rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ ó rò pé èèyàn méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ. Ọ̀dàlẹ̀ ni lẹ́nu ti àkọ́kọ́. Lẹ́nu èkejì, ọmọ ìlú tó gbọ́n, tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ni. Ní Under G, ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, orúkọ rẹ̀ ni yunifásítì ń jẹ́, ọmọ ọmọ Ọlọ́pẹ, ìyẹn ẹgbẹ́ Action Group, àti ọmọ ọmọ Dẹ́mọ̀, ẹgbẹ́ tí Akíntọ́lá dá sílẹ̀ nígbà tó yá, sì jọ ń kàwé níbẹ̀.

Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, àwọn àgbà ló wí bẹ́ẹ̀. Ẹnu wa ti mọ́ òwe yìí débi pé a kì í bi í pé kí ló dé tí ọ̀nà fi pọ̀. Èmi gbọ́ ọ báyìí: ojú ibi tí kálukú ti ń bọ̀ ló yàtọ̀. Ẹni tó ti Ọ̀yọ́ wá àti ẹni tó ti Ìlọrin wá kò lè gba ibì kan náà wọ Ògbómọ̀ṣọ́, ìyẹn ò sì sọ ọ̀kan nínú wọn di aṣìnà.

Níbi àpérò Action Group ní Jọ́ọ̀sì, oṣù kejì ọdún 1962, ni ìjà Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ tó jẹ́ olórí ẹgbẹ́ náà, àti Akíntọ́lá, igbákejì rẹ̀ tó jẹ́ olórí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ti hàn sójú táyé. Awólọ́wọ̀ fẹ́ kí ẹgbẹ́ máa ṣe alátakò ìjọba àpapọ̀. Akíntọ́lá ní ká bá àwọn ará Òkè Ọya da ọ̀rọ̀ pọ̀, kí ìpín Yorùbá má bàa bọ́. Jọ́ọ̀sì náà ni! Ìlú tí àwọn oníṣòwò Ògbómọ̀ṣọ́ ti kún bámú. Akíntọ́lá alára, Minna tí bàbá rẹ̀ ti ń ṣòwò ló ti lo apá kan ìgbà èwe rẹ̀, ó sì gbọ́ Hausa. Ẹni tí ṣọ́ọ̀bù tó ń bọ́ ilé rẹ̀ wà lókè lọ́hùn-ún, bí ẹ bá ní kó kẹ̀yìn sí Òkè Ọya, igbá ọjà rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ rò. Ará Ìkẹ́nnẹ́ ò ní irú àníyàn bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ tó wọ ilé ẹ̀kọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ lábẹ́ ìjọba Awólọ́wọ̀ ní 1955 ló ń wò. Ẹni tó bá fọwọ́ kan Awólọ́wọ̀ ti fọwọ́ kan ọmọ yẹn. Ọ̀yọ́ tún ní ọgbẹ́ tirẹ̀: ìjọba Action Group ló lé Aláàfin Adéníran Adéyẹmí kúrò nílùú. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó rántí ìyẹn, ta ni yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń fura sí Ọlọ́pẹ?

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ ká fi òwe bo èérí o. Èrú tí ìjọba Akíntọ́lá ṣe nínú ìbò 1965 kì í ṣe ọ̀nà ọjà. Wẹ́tìẹ tó tẹ̀ lé e náà kọ́, nígbà tí wọ́n ń rọ bẹntiróòlù sí ọmọ ẹlòmíràn lára, tí wọ́n ń ṣáná sí i. Ẹni tó ń dáná sun èrò ọjà, kí ló fẹ́ lọ rà? Nígbà tí àwọn ṣọ́jà pa Akíntọ́lá ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 15, oṣù kìíní, 1966, àwọn kan yọ̀, àwọn kan sunkún.

Bí ìdìbò bá ti sún mọ́lé, awuyewuye yìí á tún dé, ẹnìkan á ní ẹni tó bá bá Òkè Ọya ṣe pọ̀ ti ta ìran rẹ̀. Kí àwọn ọmọ yunifásítì wa tó fa aṣọ ya mọ́ra wọn lọ́rùn, ó yẹ kí ọ̀kan bi èkejì: níbo ni bàbá bàbá ẹ ti ń tajà? Ta ló sanwó ilé ẹ̀kọ́ ìyá ìyá ẹ?