Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ́ńjìnnì Ọkọ̀ Yín Rí Ọ̀nà Mí

Ó lè yà yín lẹ́nu pé ọ̀rọ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ni mo mú wá ní oṣù yìí, tí n kò sọ ti ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n bí ọkọ̀ bá bàjẹ́, àpò kan náà tí a fi ń ra oúnjẹ ni a fi ń tún un ṣe.

Ọkọ̀ tiwa ti dàgbà. Ní ọdún tó kọjá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jo ọ́ìlì sílẹ̀. Mẹkáníìkì kan wò ó, ó ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kí a lọ ra òmíràn. Owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ni à bá fi rà á. Mo bẹ ọkọ mi pé kí ẹlòmíràn bá wa wò ó ná. Ẹni kejì yọ rọ́bà kékeré kan lórí ẹ́ńjìnnì: ìdọ̀tí dúdú ti dí i pa. Ó fọ̀ ọ́, ó pààrọ̀ fáàbù ìdí rẹ̀, jíjò náà sì dáwọ́ dúró.

Kí ni ó fà á? Ẹ rántí ìkòkò tí a dé pa lórí iná. Bí oru kò bá rí ọ̀nà jáde, yóò ti ọmọrí sókè, ọbẹ̀ yóò sì dà sínú iná. Nígbà tí epo pẹtiróòlù bá ń jó nínú ẹ́ńjìnnì, díẹ̀ nínú èéfín rẹ̀ a máa yọ́ gba ẹ̀gbẹ́ písítìnì bọ́ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ọ́ìlì wà. Oru omi àti epo tí kò jóná tán wà nínú rẹ̀. Bí kò bá jáde, yóò sọ ọ́ìlì di ẹrẹ̀, yóò sì tì í gba ojú gásíkẹ́ẹ̀tì jáde. Láyé àtijọ́, páìpù kan ni ó ń tú èéfín yìí sí ìta gbangba. Láti orí ọkọ̀ ọdún 1961 ní Kalifọ́níà ni fáàbù tí a ń pè ní PCV ti ń dá a padà sínú ẹ́ńjìnnì kí ó lè jó tán.

Ẹ ṣọ́ àwọn àmì wọ̀nyí:

1. Ọ́ìlì ń jò, tàbí ó ń rin fílítà afẹ́fẹ́.

2. Ohun funfun bí ògì wà lábẹ́ ìdérí ibi tí a ń rọ ọ́ìlì sí. Bí omi rẹdiétọ̀ bá ń dínkù pẹ̀lú rẹ̀, àìsàn mìíràn nìyẹn. Ẹ tètè lọ bá mẹkáníìkì.

3. Ẹ́ńjìnnì ń gbọ̀n bí ọkọ̀ bá dúró.

4. Òórùn èéfín ń wọ ibi tí àwọn ọmọ jókòó sí. Èyí léwu, ẹ má ṣe fi í falẹ̀.

Bí ẹ́ńjìnnì bá ti tutù, ẹ yọ fáàbù náà, kí ẹ mì í létí. Bí kò bá dún, ó ti dí. Ẹ ra tuntun. Bí ó bá dún, ó ṣì lè ṣiṣẹ́. Rọ́bà tí ó bá ti là tàbí tí ó ti rọ̀ jù kò wúlò mọ́. Àwọn ọkọ̀ mìíràn kò ní fáàbù yìí, rọ́bà nìkan ni wọ́n ní. Ẹ máa fọ̀ ọ́. Ẹ yẹ gbogbo rẹ̀ wò nígbàkúùgbà tí ẹ bá ń pààrọ̀ ọ́ìlì.

Bí ọ̀nà náà bá mọ́, tí èéfín ṣì ń rú gidigidi níbi ìdérí ọ́ìlì, ó lè jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti gbó lóòótọ́. Ìgbà náà ni kí ẹ tó gbọ́ ọ̀rọ̀ títú u.

Kékeré ni a ti í pẹ́ ẹ̀ka ìrókò. Bí ó bá dàgbà tán, apá kì í ká a mọ́. Ó di oṣù tí ń bọ̀. Ire o.